Ọmọ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Béèrè

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, nígbà tí gbogbo ayé ṣì ń wo èéfín ilé gogoro méjì tó wó ní New York, ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ ní ẹ̀bá odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù rí nǹkan kan tó ń léfòó lórí omi. Àwọn ọlọ́pàá fi ọkọ̀ ojú omi lé e bá, wọ́n sì gbé e jáde nítòsí Globe, ilé eré Shakespeare tó wà létí odò náà. Òkú ọmọdé ni. Ọmọkùnrin ni, aláwọ̀ dúdú sì ni. Wọ́n ti gé orí rẹ̀ lọ, wọ́n gé apá rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣòkòtò pénpé aláwọ̀ ọsàn nìkan ló kù lára rẹ̀.

Àwọn dókítà tó yẹ òkú náà wò fi ọjọ́ orí rẹ̀ sí àárín ọdún mẹ́rin sí méje. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi pa á, ó sì lè ti lo tó ọjọ́ mẹ́wàá nínú omi kí wọ́n tó rí i. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò fẹ́ máa fi nọ́ńbà pe ọmọ ènìyàn, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Adam. Orúkọ yẹn náà ló ń jẹ́ títí di òní. Orúkọ tí wọ́n fi pè é lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kò sí èyí tí ẹ̀rí tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú méjèèjì.

Ohun tó kọ́kọ́ ya àwọn ọlọ́pàá lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó ń wá ọmọ náà. Ọmọ tó bá sọnù ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwòrán rẹ̀ ti máa ń wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ti Adam kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ìyá tó sunkún wá sí àgọ́ ọlọ́pàá, kò sí tíṣà tó ní àga kan ṣófo ní kíláàsì òun. Nígbà tí wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ Lọ́ńdọ̀nù iye ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú, láti ọmọ ọdún mẹ́rin sí méje, tí wọn kò rí mọ́ láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, iye tó jáde ni 300. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ni kò ti Áfíríkà wá. Àwọn ọlọ́pàá wá wọn káàkiri, méjì péré ni wọ́n sì rí.

Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé wọ́n pa àwọn tó kù. Ọ̀pọ̀ wọn ni àwọn òbí á ti kó padà sílé tàbí kó lọ sí ìlú mìíràn, wọn kò kàn sọ fún ilé ẹ̀kọ́ ni. Síbẹ̀, iye náà bani lẹ́rù. Ọmọ 300 kúrò lójú ìwé nínú oṣù mẹ́ta, ìjọba kan tó ní kọ̀ǹpútà àti owó kò sì mọ ibi tí wọ́n wọlẹ̀ sí.

Bí kò ti sí ojú tí wọ́n lè yà, tí kò sì sí ìka tí wọ́n lè tẹ̀, egungun ọmọ náà ni àwọn onímọ̀ yíjú sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ken Pye ti Royal Holloway, ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Èròjà kan wà nínú òkúta tí wọ́n ń pè ní strontium. Òjò àti oòrùn a máa fọ́ òkúta di iyẹ̀pẹ̀, iṣu àti àgbàdo a sì fa èròjà náà láti inú ilẹ̀. Bí ọmọ bá jẹ iṣu yẹn, tó mu omi kànga àdúgbò yẹn, èròjà náà á wọ inú egungun rẹ̀, á sì dúró síbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Irú èyí tó wà nínú òkúta àtayébáyé yàtọ̀ sí ti òkúta tí kò pẹ́ tó o. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n lè sọ irú ilẹ̀ tí ènìyàn ti jẹun dàgbà.

Egungun Adam sọ pé kì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó tọ́ka sí àpáta tó ti wà fún ohun tó ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ, irú èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Yorùbá.

Àpáta yìí kò ṣàjèjì sí ará Èkìtì. Òun ló yọrí sókè tó di Olósùnta àti Oròòlè ní Ìkẹ́rẹ́. Òun ló wà lábẹ́ oko láti Ìdó dé Ọyẹ́, láti Ọyẹ́ dé Ìkọ̀lé. Amọ̀ tí àwọn obìnrin Ìsàn-Èkìtì ti ń fi mọ ìkòkò láti ìrandíran, inú irú àpáta yìí tó jẹrà ló ti wá. Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn jáde ní Lọ́ńdọ̀nù pé iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá wà nínú egungun ọmọ tí wọ́n rí nínú Thames, ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ilé tó ń gbin iṣu sórí àpáta náà.

Ṣáájú kí wọ́n tó wá sílé wa, wọ́n ti bẹ gbogbo Áfíríkà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2002, àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù fò lọ sí Gúúsù Áfíríkà, Nelson Mandela fúnra rẹ̀ sì dìde lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní bí ẹbí kan bá wà, kódà ní abúlé tó jìnnà jù lọ, tí ọmọkùnrin wọn sọnù ní àkókò yẹn, kí wọ́n jọ̀ọ́ kàn sí ọlọ́pàá. Ẹnu tí gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà bọ̀wọ̀ fún nìyẹn. Kò sí ìdílé kan tó dáhùn.

Ní ìparí ọdún náà, ọ̀gá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Will O'Reilly àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Pye wá sí Nàìjíríà. Wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀, wọ́n kó òkúta, wọ́n ra ohun jíjẹ àti egungun ẹran lọ́jà, wọ́n sì gba díẹ̀ lára egungun àwọn tó ti kú ní ilé ìgbókùúsí. Wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ padà sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi wọ́n wé egungun Adam. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni àyè náà ń há sí i, títí tó fi ku ilẹ̀ tó lọ láti ìhà Ìbàdàn dé ìhà Benin City. Èkìtì wà ní àríwá ibẹ̀, lórí irú àpáta kan náà. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti gbé ọmọ náà dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn ló kù.

Ó yẹ kí a rántí pé ọmọ sísọnù kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ yìí, àti pé ìgbà kan wà tí ọmọ tó sọnù jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì ń rí ilé. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó parí ní 1900, oko ìkónilẹ́rú ni Èkìtì jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ ogun. Ìbàdàn ń bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn, wọ́n sì fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú. Ìlọrin ń bọ̀ láti àríwá. Àwọn jagunjagun Núpé láti Bídà ń dà wọ Yàgbà àti Àkókó, wọ́n sì ń dé etí ilẹ̀ Èkìtì náà. Ìyà yìí wà lára ohun tó bí Èkìtì Parapọ̀ àti ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká ní ibùdó títí di 1893. Nígbà yẹn, ọmọ tó lọ pọn omi lódò lè má padà. Wọ́n á lu agogo, ọdẹ á wọ igbó, ìyá á sì mọ̀ pé wọ́n ti jí ọmọ òun gbé ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Àjàyí. Ní 1821, ogun kó o ní Òṣoogùn pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, kò sì tíì dàgbà ju ọ̀dọ́mọkùnrin lọ. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí tó fi wọ ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown, níbi tó ti di Samuel Ajayi Crowther. Ní 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kanra ní Abẹ́òkúta. Ọ̀nà jìn, ogun pọ̀, kò sì sí tẹlifóònù. Ohun tó mú kó ṣeé ṣe ni pé ọmọ náà mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ ìlú rẹ̀, ó mọ ìdílé rẹ̀, ìyá rẹ̀ náà kò sì yé béèrè.

Ní Freetown kan náà, òjíṣẹ́ Ọlọ́run Sigismund Koelle jókòó ti àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú, ó ń bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti wá àti bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé wọn. Ìwé rẹ̀, Polyglotta Africana, jáde ní 1854. Èdè Ìjẹ̀ṣà wà níbẹ̀, èdè Yàgbà tí kò jìnnà sí Ìkọ̀lé náà wà níbẹ̀, láti ẹnu àwọn tí wọ́n jí gbé. Ẹrú tí orúkọ rẹ̀ ti yí padà ṣì lè la ẹnu, kó sì sọ ìlú tó bí i. Ilà ojú ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ náà, nítorí pé ojú tí wọ́n kọ ilà sí dà bí ìwé tí ẹni kan kò lè gbà lọ́wọ́ ẹni. Nígbà tí Kírìjì parí, àwọn ọmọ Èkìtì tí wọ́n ti kó lẹ́rú bẹ̀rẹ̀ sí í tú padà wálé láti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó. Àwọn gan-an ló wà lára àwọn tó gbé ìgbàgbọ́ Kírísítì wọ ọ̀pọ̀ ìlú wa.

Àwọn tó pa Adam kò fi ojú sílẹ̀, wọn kò sì fi ahọ́n sílẹ̀.

Kí ló dé tí ilé kò fi béèrè? Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń tọ́mọ nílẹ̀ Yorùbá kò ní wá ìdáhùn lọ sí ibi tó jìnnà. Ẹnì kan ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń tọ́ ọ. A máa ń fi ọmọ fún ìyá àgbà lábúlé, fún àbúrò bàbá ní Èkó, fún tíṣà, fún pásítọ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù Kìíní ọdún 1955, tí ọmọ púpọ̀ jáde ìwé mẹ́fà tí ilé ẹ̀kọ́ girama kò sì sí nítòsí, àṣà yìí ló gbé wọn dé ìlú ńlá. Ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n tí Èkìtì fi ń yangàn lónìí ló ti gbálẹ̀, tó ti pọnmi nílé ẹni tí kì í ṣe òbí rẹ̀ kó tó dé ibi tó dé. Àṣà dáadáa ni, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ tijú rẹ̀.

Àṣà náà tẹ̀ lé wa lọ sí òkè òkun. Láti ọdún 1950 síwájú, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó lọ kàwé ní Gẹ̀ẹ́sì, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, máa ń fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó lábúlé, wọ́n á máa sanwó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Adéwálé Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí wọ́n tọ́ dàgbà lọ́nà yìí, ṣe fíìmù nípa rẹ̀, èyí tó pè ní Farming, ní 2018. Ìyà tó jẹ níbẹ̀ kò kéré. Ṣùgbọ́n ìyá ṣì mọ ilé tí ọmọ wà, ó ṣì lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wò ó.

Ibi tí àṣà náà ti bàjẹ́ ni ìgbà tí ọ̀nà wá jìn, tí físà wọ́n, tí àwọn kan sì sọ gbígbé ọmọ kọjá ẹnubodè di òwò. Nígbà tí igba ènìyàn bá ń tọ́ ọmọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè máa rò pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló wà. Ìyá ń rò pé ọmọ wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ti fi í lé ọ̀rẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ ti gba owó. Bí ìyá bá béèrè, wọ́n á ní ó wà nílé ẹ̀kọ́, ó ń ṣe dáadáa, àwòrán rẹ̀ ń bọ̀.

Gbogbo ayé ti rí bí èyí ṣe máa ń rí ṣáájú kí Adam tó kú. Victoria Climbié, ọmọbìnrin láti Abobo ní Côte d'Ivoire, ni àwọn òbí rẹ̀ fi lé ìbátan bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ní 1998 kó lè kàwé ní Yúróòpù. Orúkọ Anna ló wà nínú ìwé ìrìnnà tó gbé e wọ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ọmọ mìíràn ni. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2000, ó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, àpá 128 sì wà lára rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ṣì rò pé ó wà ní kíláàsì. Ìwádìí tí Lord Laming ṣe lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2003, ó sì wà lára ohun tó fa òfin tuntun lórí ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì ní 2004. Victoria rí ìdájọ́ gbà nítorí pé ó ní ojú àti orúkọ.

Adam kò ní, ni àwọn ìwé ìròyìn bá fi ìtàn tiwọn dí àlàfo náà. Onímọ̀ ẹ̀sìn kan tí àwọn ọlọ́pàá bá sọ̀rọ̀ dá a lábàá pé àwọ̀ ṣòkòtò ọmọ náà jọ ti Ọ̀ṣun, àti pé ìrúbọ sí òrìṣà odò Yorùbá ni. Ẹni tó bá ti dúró ní Òṣogbo lọ́jọ́ ọdún mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò dúró. Ọ̀ṣun ni àwọn àgàn ń tọ̀ lọ láti bímọ, omi rẹ̀ ni wọ́n ń bù fún ọmọ mu. Ẹ̀wà Calabar olóró tí àwọn onímọ̀ ọgbà ohun ọ̀gbìn Kew bá nínú ìfun ọmọ náà kì í ṣe ti Yorùbá pàápàá. Àwọn Efik ló ń pè é ní esere, tí wọ́n sì ń fi í dán ẹni tí wọ́n fura sí wò láyé àtijọ́. Kò sí kóòtù tó tíì gbọ́ ẹjọ́ yìí, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè búra pé òun mọ ìdí tí wọ́n fi pa á.

Ṣùgbọ́n irọ́ ni kí a tún sọ pé a kò fi ènìyàn bọ nǹkan rí. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, kò sì fi bò. Ẹni tí wọ́n sì sábà máa ń mú ni ẹrú, àlejò, ẹni tí kò ní ẹbí tó máa dìde béèrè rẹ̀. Ní Owerri ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1996, ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ń kiri ẹ̀pà ni wọ́n pa ní hòtẹ́ẹ̀lì kan nítorí owó. Àwọn apànìyàn náà rò pé ọmọ tálákà kò lẹ́nìkan. Wọ́n ṣìṣe, ìlú dìde, ilé olówó jóná, kóòtù sì dájọ́ ikú. Ọ̀rọ̀ òrìṣà kọ́ ni èyí. Ẹni tí kò lólùbéèrè ni àwọn ìkà ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ohun tí wọ́n bá nínú ọmọ náà. Yàtọ̀ sí májèlé ẹ̀wà yẹn, amọ̀ tí wúrà wínníwínní wà nínú rẹ̀ wà níbẹ̀. Eruku òdòdó igi tó ń hù ní ìhà Lọ́ńdọ̀nù náà wà níbẹ̀, ìyẹn ló sì fi hàn pé ọmọ náà lo ọjọ́ díẹ̀ láàyè nílùú náà. Oògùn ikọ́ sì wà nínú ikùn rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn. Ó ń wúkọ́. Ẹnì kan gbọ́ ikọ́ rẹ̀, ó lọ ra oògùn, ó ṣí ìgò, ó sì fún un mu. Ẹni yẹn mọ orúkọ tó ń dáhùn. Ní gbogbo ẹjọ́ yìí, kò sí ohun tó wọni lọ́kàn tó èyí, nítorí pé ó fi hàn pé ọmọ náà gbé nílé kan, pẹ̀lú àwọn ènìyàn tó lójú tó sì létí.

Ṣòkòtò rẹ̀ mú àwọn ọlọ́pàá dé Jámánì, nítorí pé ibẹ̀ àti Austria ni wọ́n ti ń ta irú rẹ̀. Ní 2002, wọ́n mú obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan ní Glasgow, ẹni tó ti gbé ní Hamburg tẹ́lẹ̀, wọ́n sì dá a padà sílé lọ́dún kan náà. Ní oṣù Keje ọdún 2003, wọ́n ya wọ àwọn ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n mú ènìyàn 21. Ọkùnrin kan lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin àbọ̀ ní 2004 nítorí òwò kíkó ènìyàn wọ̀lú. Kò sí ẹnì kan tí wọ́n fẹ̀sùn ikú Adam kàn. Ní 2011, obìnrin tí wọ́n dá padà sílé yẹn dárúkọ kan fún àwọn oníròyìn pé òun ni orúkọ ọmọ náà. Ní 2013, ó dárúkọ mìíràn. Kò sí èyí tí wọ́n rí ẹ̀rí tì í lẹ́yìn. Láàárín èyí, ní 2006, wọ́n ti sin ọmọ náà sí ìtẹ́ òkú kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, wọn kò sì kọ nǹkan kan sórí ibojì rẹ̀.

Ẹ fi èyí wé ìgbà tí ilé béèrè. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn dá ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́nà ní Èmùré-Èkìtì, wọ́n sì kó àwọn ọmọ inú rẹ̀ lọ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́. Ní ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n pa Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn-Èkìtì. Kò pẹ́ tí gbogbo Nàìjíríà fi gbọ́. Àwọn òbí ń ké lórí rédíò, àwọn ọdẹ àti Àmọ̀tẹ́kùn wọ igbó, gómìnà kò sì lè sùn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì, àwọn ọmọ náà dé ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pa awakọ̀ wọn. Ariwo nìkan kọ́ ló gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ tí a ń pariwo orúkọ rẹ̀ ṣòro láti sọ di ẹni tí kò sí.

Òfin tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ìbímọ ní Nàìjíríà láti wà nínú ìwé ìjọba ti wà láti 1992. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé àti àjọ NAPTIP tó ń gbógun ti òwò ènìyàn dé ní 2003. Àwọn méjèèjì yìí kò bá Adam. Láti ọdún 2003 wá, ẹni tó bá fẹ́ béèrè ọmọ rẹ̀ ní ibi tó lè lọ.

Ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù tún bẹ gbogbo ènìyàn ní 2021, nígbà tí ogún ọdún pé. Ẹ̀bẹ̀ náà tọ́ sí wa ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ náà ti ní láti jẹ́ ẹni tí wọ́n bí láàárín 1993 sí 1997. Bí ọmọkùnrin kan bá wà nínú ìdílé rẹ tí wọ́n bí ní àkókò yẹn, tí ẹnì kan mú lọ sí Jámánì tàbí Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mélòó kan, tí ẹ kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ láti 2001, má ṣe gba ìdáhùn pé ó wà, ó ń ṣe dáadáa. Béèrè ilé tó ń gbé. Béèrè láti gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí wọn kò bá rí i pè fún ọ, lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ọ́fíìsì NAPTIP tó sún mọ́ ọ, kí o sì sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn.